Nnamdi Azikiwe àti Ẹgbẹ́ ZAC

Nnamdi Azikiwe (ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1904 – ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1996), tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Zik, jẹ́ oníwèé ìròyìn, eléré ìdárayá àti olóṣèlú ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di Gómìnà-Àgbà orílẹ̀-èdè náà, òun náà sì ni Ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, láti ọdún 1963 sí ọdún 1966. Ní ọdún 1938, kí ó tó di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ó dá ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan sílẹ̀ ní Èkó, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é: Zik's Athletic Club, tí a gé kúrú sí ZAC. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ZAC di ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí èrò òmìnira fi tàn káàkiri Nàìjíríà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ìbí àti orúkọ

A bí Azikiwe ní ìlú Zungeru, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Nígbà náà, Zungeru ni olú-ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá Nàìjíríà. Ọmọ Igbo láti Onitsha ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Obed-Edom Chukwuemeka Azikiwe, jẹ́ akọ̀wé nínú iṣẹ́ ìjọba amúnisìn, iṣẹ́ yìí ló sì gbé e dé Àríwá. Rachel Chinwe Ogbenyeanu ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Orúkọ méjì ni ọmọ náà ń jẹ́. Benjamin ni orúkọ ìjọ Kìrìsítẹ́nì tí wọ́n fún un. Nnamdi ni orúkọ ìbílẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Igbo sì ni pé bàbá mi ń bẹ láàyè. Orúkọ yìí sún mọ́ Babátúndé láàárín àwọn Yorùbá.

Èdè Hausa ni ó kọ́kọ́ gbọ́ dáadáa. Èyí kò dùn mọ́ bàbá rẹ̀ nínú, nítorí náà ó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí Onitsha ní ọdún 1912 kí ó lè gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹbí, kí ó sì gbọ́ èdè àwọn baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Èkó, níbi tí ó ti kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Wesley, tí ó sì kọ́ èdè Yorùbá. Ó tún kàwé ní Calabar. Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti gbọ́ èdè mẹ́ta tí ó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà, ó sì ti gbé láàárín àwọn tí ń sọ ọ́. Ohun yìí hàn nínú irú ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà.

Ẹ̀kọ́ àti eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà

Azikiwe ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Èkó fún ìgbà díẹ̀, ó sì rìnrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1925. Ó kàwé ní Storer College ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ní Yunifásítì Howard, ní Yunifásítì Lincoln àti ní Yunifásítì Pennsylvania. Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó ṣe iṣẹ́ oríṣiríṣi láti san owó ilé-ẹ̀kọ́: ó fọ abọ́, ó sì wa èédú nínú ilẹ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Lincoln ní ọdún 1930, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Eré ìdárayá kò jìnnà sí i ní gbogbo àkókò yìí. Ó sá eré ọ̀nà jíjìn, ó kan ẹ̀ṣẹ́, ó sì wẹ odò. Ó gba ẹ̀bùn nínú eré sísá ní Storer. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, nítorí pé àwọn aláwọ̀ funfun kì í gbà wọ́n sí tiwọn. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ènìyàn tí a tì sẹ́yìn nínú ohun gbogbo lè fi ara rẹ̀ hàn lórí pápá, bí a bá gbà á láyè láti wọlé.

Ìdíje ọdún 1934

Ní ọdún 1934, a ṣe ìdíje eré ìdárayá ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Azikiwe fẹ́ láti sá eré níbẹ̀ fún Nàìjíríà. A kò gbà á, nítorí pé Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tí a fún láyè láti kópa. Orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sáré kò ní àyè kankan lórí pápá náà.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ó fi jù orúkọ Benjamin sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Nnamdi Azikiwe ni ó ń jẹ́. Ó yẹ kí a kíyèsí i pé kì í ṣe ìjà òṣèlú ló fa ìyípadà orúkọ yìí bí kò ṣe eré ìdárayá. Ọdún 1950 ni Nàìjíríà tó kópa nínú ìdíje náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Auckland ní New Zealand. Josiah Majekodunmi gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà níbẹ̀ nínú eré fífò sókè. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ti dá Azikiwe padà.

Akra àti ìpadàbọ̀ sí Èkó

Azikiwe kò rí iṣẹ́ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ní Nàìjíríà, nítorí náà ó gba iṣẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post ní ìlú Akra, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Ghana lónìí. Ní ọdún 1936, ìjọba gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí àpilẹ̀kọ kan tí I. T. A. Wallace-Johnson kọ sínú ìwé ìròyìn náà. Wọ́n dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà. Ní ọdún kan náà ni ó fẹ́ Flora Ogoegbunam ní Akra.

Ó padà sí Èkó ní ọdún 1937. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún náà, ó gbé ìwé ìròyìn West African Pilot jáde. Ìwé ìròyìn yìí tà ju bí àwọn tí ó bá nílẹ̀ ṣe ń tà lọ, nítorí pé ó kọ̀wé fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìròyìn eré ìdárayá pẹ̀lú.

Ìdásílẹ̀ ZAC

Ní Èkó ìgbà náà, orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sábà máa ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ oṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Marine, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Railway, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ńlá sì ní UAC. Nígbà tí ìdíje Governor's Cup bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945, Marine ló kọ́kọ́ gba ife náà, Railway sì gbà á ní ọdún 1946. Ọ̀gá òyìnbó ló ni ilé-iṣẹ́, aṣọ eré àti bọ́ọ̀lù. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè pàdánù àyè rẹ̀ lórí pápá.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà tí wọ́n dá sílẹ̀ lórí ìdílé, ìlú tàbí ẹ̀yà. Azikiwe fúnra rẹ̀ kò rí àyè nínú ẹgbẹ́ tẹ́níìsì kan ní Èkó nítorí pé kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà tí ó ni ín. Ẹni tí Lọ́ńdọ̀nù ti dá padà nítorí pé ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tún rí i pé ní Nàìjíríà, wọ́n lè dá òun padà nítorí pé òun jẹ́ ọmọ Igbo.

Ní ọdún 1938, òun, M. R. B. Ottun àti àwọn ẹlòmíràn dá Zik's Athletic Club sílẹ̀. Yaba ni ibùdó rẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni ẹgbẹ́ náà wà fún; àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kan ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ń sáré, wọ́n sì ń gbá tẹ́níìsì pẹ̀lú. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló sọ ọ́ di olókìkí. Ẹnikẹ́ni, láti ẹ̀yà tàbí ibi iṣẹ́ yòówù kí ó ti wá, lè wọ inú ẹgbẹ́ náà.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà

Orúkọ tí Azikiwe yàn kò tọ́ka sí ìlú, ẹ̀yà tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba. Bí ó bá pè é ní orúkọ Onitsha, ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú yóò rò pé kì í ṣe tòun. Bí ó bá pè é ní orúkọ Èkó, àlejò yóò ṣiyèméjì. Zik kò sí nínú èdè kankan. Ìkékúrú orúkọ ìdílé rẹ̀ ni, ó kúrú, ó sì rọrùn láti pè lẹ́nu Yorùbá, Hausa àti Igbo bákan náà. Àwọn tí ń ka West African Pilot ti mọ orúkọ yìí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ẹgbẹ́ tuntun náà ní àwọn olólùfẹ́ ní ìlú tí kò tíì dé rí.

Ìkùnà kan wà nínú yíyàn yìí pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ orúkọ ẹnì kan yóò gbé ọ̀tá ẹni náà pọ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn alátakò Azikiwe fi ẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ràn láti máa gbé orúkọ ara rẹ̀ ga. Ní ọdún 1946, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ òmìnira kíákíá dá ẹgbẹ́ Zikist Movement sílẹ̀, Kola Balogun sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìjọba amúnisìn fòfin de ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1950, wọ́n sì sọ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí ẹ̀wọ̀n. Orúkọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ sára ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ti di orúkọ tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ìrìn-àjò ẹgbẹ́ náà

Láàárín ọdún 1941 sí ọdún 1943, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ZAC rìnrìn-àjò káàkiri Nàìjíríà láti gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ìlú mìíràn. Owó tí àwọn òǹwòran san lọ sínú àpò ìrànlọ́wọ́ ogun. Nítorí èyí, ó ṣòro fún ìjọba láti dá ìrìn-àjò náà dúró. Ní àkókò kan náà, àwọn ìpéjọpọ̀ yìí fún Azikiwe láǹfààní láti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ìjọba ara-ẹni. Ogun tí wọ́n ń pè ní ogun òmìnira ni owó náà ń lọ fún, ó sì ń bi àwọn òǹwòran léèrè ìgbà tí òmìnira náà yóò dé ọ̀dọ̀ tiwọn.

Ní ọdún 1942, ZAC gba líìgì Èkó àti ife War Memorial Cup. Èyí fi hàn pé ẹgbẹ́ tí kò ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó lẹ́yìn lè borí àwọn tí ó ní. Ní ọdún 1943, Azikiwe bá àwọn oníwèé ìròyìn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kọ ìwé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí bí àdéhùn Atlantic Charter ti ọdún 1941 ṣe yẹ kí ó kan àwọn ilẹ̀ amúnisìn.

Aáwọ̀ ọdún 1941 àti ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement ni ó lágbára jù ní Èkó nígbà tí Azikiwe dé, ó sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1941, àyè kan ṣí sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ernest Ikoli, ọmọ Ìjọ, àti Samuel Akinsanya, ọmọ Ìsarà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ni wọ́n du ipò náà nínú ẹgbẹ́. Azikiwe ti Akinsanya lẹ́yìn. Ikoli ni ẹgbẹ́ mú. Azikiwe àti Akinsanya fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ìhà kan sí èkejì. Ní ọdún kan náà, Akinsanya jọba ní ìlú rẹ̀, ó di Ọdẹmọ ti Ìsarà. Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, tí òun náà wà nínú Nigerian Youth Movement, di ẹni tí yóò máa bá Azikiwe figagbága nínú ìṣèlú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tí a ti gbìyànjú láti fi ṣe ilé fún gbogbo ẹ̀yà fọ́ ní ọdún kan náà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ZAC bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri Nàìjíríà.

Ìṣèlú àti ipò

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944, wọ́n dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀. Herbert Macaulay ni ààrẹ, Azikiwe sì ni akọ̀wé àgbà. Nígbà tí Macaulay kú ní ọdún 1946, Azikiwe bọ́ sí ipò rẹ̀. Ní ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, àwọn ìwé ìròyìn Azikiwe sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ìjọba ti West African Pilot àti Daily Comet pa fún ìgbà kan nítorí rẹ̀.

Ní ọdún 1951, wọ́n dìbò yan Azikiwe láti Èkó sínú ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n Action Group ti Awolowo ló dá ìjọba sílẹ̀. Azikiwe padà sí Ìlà-Oòrùn, ó sì di Olórí Ìjọba ẹkùn náà láti ọdún 1954 sí ọdún 1959. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tí ó ṣí ní ọdún 1960, jẹ́ èso iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1960, ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹrìndínlọ́gọ́ta, ó di Gómìnà-Àgbà. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1963, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́, Azikiwe sì di Ààrẹ. Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966, ipò náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà ogun abẹ́lé, ó kọ́kọ́ ṣe agbẹnusọ fún Biafra ní òkè òkun. Ní ọdún 1969 ó yí padà, ó sì dúró ti Nàìjíríà kan ṣoṣo. Títí di òní, àwọn kan kò dárí ìyípadà yìí jì í, àwọn mìíràn sì rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti dín ẹ̀mí tí ń ṣòfò kù. Ó jẹ́ olórí ayẹyẹ Yunifásítì Èkó láti ọdún 1972 sí ọdún 1976. Ó du ipò Ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ NPP ní ọdún 1979 àti ọdún 1983, kò sì wọlé.

Ìgbẹ̀yìn ayé

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Azikiwe ti kú. Irọ́ ni. Ó wà láàyè, ó sì lo ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ sí i. Ó kú ní Enugu ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1996, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Wọ́n sin ín sí Onitsha, níbi tí ó ti jẹ́ oyè Owelle.

Ogún rẹ̀ nínú eré bọ́ọ̀lù

ZAC kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ń san owó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ọdún 1990 ni líìgì irú bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí ó fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó fún un ní orúkọ, kí ó sì gbé e kiri láìní ìjọba lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ aládàáni mìíràn tẹ̀lé e. Israel Adebajo fi orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pe Stationery Stores ní ọdún 1958, ẹgbẹ́ náà sì gba ife orílẹ̀-èdè ní ọdún 1967 àti 1968. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ orúkọ olówó rẹ̀, Moshood Abiola, gbà á ní ọdún 1985 àti 1987. Leventis United ti Ìbàdàn gbà á ní ọdún 1984 àti 1986. Abiola Babes àti Leventis United kò sí mọ́ lónìí. Orúkọ olówó lágbára nígbà tí olówó bá fẹ́ ná owó, ó sì máa ń kúrò lórí pápá pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni láti mú orúkọ ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ti jáde wá. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Kò jẹ́ orúkọ ìlú kan. Orúkọ Rẹ́mọ tí ó jẹ́ kó Ìkẹ́nnẹ́, Ṣàgámù, Ìsarà, Akaka àti àwọn ìlú tó kù pọ̀ sábẹ́ àsíá kan. Ní ọdún 2025 ẹgbẹ́ náà gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Orúkọ Azikiwe fúnra rẹ̀ kò kúrò nínú eré bọ́ọ̀lù. Pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Enugu, níbi tí Rangers ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ń jẹ́ Nnamdi Azikiwe Stadium. Pápákọ̀ òfurufú Àbújá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí owó bébà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Nnamdi ni wọ́n kọ sára gbogbo ibi wọ̀nyí. Benjamin kò sí níbẹ̀.